Tọ̀tíyà fún Àwọn Àna

Òfin tí Morónkẹ́ ṣe fún àwọn obìnrin Sabon Gari ló padà wá dè é mọ́lẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè bá wí.

Ní ọdún 1964, àwọn alápatà kan ní ọjà Sabon Gari ní Zaria bẹ̀rẹ̀ àṣà tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹran gbọ́dọ̀ ra egungun mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ egungun, wọn á ní kò sí ẹran. Egungun ọ̀hún kì í ṣe èyí tó ní mùdùnmúdùn nínú. Ti ìtòsí pátákò ni, tí ajá pàápàá máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e. Kò wúlò fún ọbẹ̀, kò wúlò fún ọmọdé, ààtàn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Morónkẹ́, tí ó jẹ́ alága Ẹgbẹ́ Ìyá Onílé, kò lè fara da kí èèyàn máa ra nǹkan torí kó lè dà á nù. Ó pe ìpàdé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ má ṣe fi ẹran sínú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí àwọn alápatà fi ojú ara wọn rí ohun tí egungun ń ṣe. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì pé tí Ìyá Bàlíkísù, tí ọgbà kan ṣoṣo pààlà ilé rẹ̀ àti ti Morónkẹ́, fi se adìẹ. Ó ní adìẹ kì í ṣe ẹran, ẹyẹ ni. Morónkẹ́ tún pe ìpàdé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé ohunkóhun tó bá ní ẹ̀jẹ̀ lára, ẹran ni. Ẹnì kan béèrè ẹja. Morónkẹ́ ní ẹja ní ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn béèrè ẹyin. Morónkẹ́ rò ó díẹ̀, ó ní ẹyin kò ní ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní in lọ́kàn láti ní. Kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn. Wàrà nìkan ló yọ̀ǹda, nítorí pé màlúù tí wọ́n fún wàrà lára rẹ̀ ṣì ń rìn kiri nínú pápá. Ẹni tó bá rú òfin yóò máa gbá gbọ̀ngàn ìpàdé láràárọ̀ fún oṣù kan, ní ojú gbogbo ayé. Ìyá Bàlíkísù ló kọ́kọ́ gbá a. Ó ń gbá a dáadáa, ṣùgbọ́n bó ti ń gbá a ló ń ṣọ́ èéfín ilé Morónkẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Alhaji Wahab fi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

Alhaji Wahab jẹ́ ará Ìlọrin tó ti ń ta bàtà aláwọ ní Zaria láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé Sabon Gari kò tíì ní páànù lórí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni Kàbírù, akọ̀wé tó ń tẹ tápúrétà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò PZ, tí ó ti ń fẹ́ Fọláwùmí, ọmọ Morónkẹ́, láti ọdún méjì. Bàbá Kàbírù ti kú. Ọwọ́ Alhaji ló dàgbà sí, nítorí náà bí Alhaji bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ní rárá, ó parí. Ọ̀rọ̀ pé ìdílé kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí èkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti yanjú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n sì jẹ gúgúrú lé e. Oúnjẹ àna ló kù. Gbogbo Yorùbá Zaria ló sì mọ ìtàn Alhaji nídìí oúnjẹ àna. Nígbà kan ní Ìlọrin, ó dìde kúrò nídìí àwo níbi tí wọ́n ti ń tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ kan, nítorí pé ọrùn adìẹ ni wọ́n bù fún un. Ìgbéyàwó yẹn kò wáyé. Ọmọbìnrin náà ti bímọ mẹ́rin fún ẹlòmíràn.

Ọlánípẹ̀kun, ọkọ Morónkẹ́, tó jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, gbọ́ iṣẹ́ tí Alhaji rán, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí tábìlì.

Ó ní, "Ìyá Fọlá, òfin lo ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ra ẹran díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ìwọ̀n tí Alhaji á jẹ."

"Apá adìẹ kan ni Ìyá Bàlíkísù jẹ tó fi ń gbálẹ̀."

"Kí a lọ sè é nílé àbúrò mi ní Gyellesu, ká gbé e wá."

"Òfin kò béèrè pé ilé ta ni wọ́n ti sè é, Bàbá Fọlá. Èmi ni mo kọ ọ́. Bí àyè bá wà níbẹ̀, mi ò bá ti rí i."

"Sọ fún Alhaji nígbà náà pé òfin wà."

"Kí ó tó jẹun? Á ní mo fi òfin obìnrin gba ẹran lẹ́nu òun. Ibi tó bá jókòó sí náà ló ti máa dìde."

Ọlánípẹ̀kun gbé fìlà rẹ̀ padà sórí. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún gbé pẹ̀lú obìnrin yìí, ó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa ń tán.

Fọláwùmí ló rí ọ̀nà. Ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ó sì wá lo ìsinmi nílé. Olùkọ́ òyìnbó kan wà tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè, Mísì Hárípà, ará Amẹ́ríkà tó dàgbà lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò. Ó ti kọ́ wọn bí àwọn ará Mẹ́síkò ṣe ń fi àgbàdo ṣe oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní tọ̀tíyà: a ó se àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, a ó yan án nínú páànù láìsí òróró, a ó fi di ẹ̀wà.

Ó ní, "Màmá, bí ẹ bá gbé iyán síwájú Alhaji, inú ọbẹ̀ ni wọ́n máa wò. Bí ẹ bá gbé ìrẹsì, orí rẹ̀ ni wọ́n máa wò. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n mọ̀, wọ́n mọ ibi tí ẹran rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ ká gbé èyí tí wọn kò mọ̀."

Morónkẹ́ fa àpótí, ó jókòó.

"Wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan kù."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Wọn ò rí odidi rẹ̀ rí."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ọgbọ́n yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá."

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fọláwùmí kó eérú kúrò nínú àdògán, ó rò ó pọ̀ mọ́ omi, ó jẹ́ kó tòrò, ó da omi eérú náà sórí àgbàdo, ó gbé e kaná. Morónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó.

"Ọṣẹ lo fẹ́ sè fún àna mi?"

"Eérú ló máa bó awọ rẹ̀, Màmá."

"Eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, tí àwọn aláró fi ń rẹ aró. Òun lo fẹ́ kí Alhaji Wahab jẹ."

"A máa fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí Mísì ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Mísì yẹn, ṣé ó ní àna?"

"Kò tíì lọ́kọ, Màmá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàdo sùn mọ́jú nínú omi náà, tí wọ́n fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́fà, awọ rẹ̀ bọ́ kúrò bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, òórùn tó sì jáde láti ara rẹ̀ kò jọ ti ọṣẹ rárá. Morónkẹ́ tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Wọ́n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Bó ti di lílọ̀ tán ni Morónkẹ́ na ọwọ́ mú asẹ́, nítorí pé láti kékeré, kò rí àgbàdo tútù kan tí wọ́n lọ̀ tí wọn kò sẹ́.

Fọláwùmí di asẹ́ náà mú. "A kì í sẹ́ ẹ, Màmá. Bí a bá sẹ́ ẹ, ògì ló máa dà. Kò ní ṣeé tẹ̀."

"A ó wá gbé èèrí fún àna?"

"Bí a bá sẹ́ ẹ, ìdajì àgbàdo yìí, ewúrẹ́ la máa dà á fún."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Morónkẹ́ létí ju gbogbo ohun tí Mísì Hárípà lè sọ lọ. Ó fi asẹ́ kọ́ ògiri padà.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi dán an wò. Èyí tí wọ́n fi ìgò yí lórí pátákó, ó lẹ̀ mọ́ pátákó. Èyí tí wọ́n fi ìsàlẹ̀ àwo tẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ àwo. Èyí tí kò lẹ̀, ó ya. Kò sí ọ̀kan tí Morónkẹ́ jẹ́ kí wọ́n dà nù. Ó ń yan gbogbo wọn bí wọ́n ti rí, ó ń gbé wọn fún Ọlánípẹ̀kun nínú pálọ̀, Ọlánípẹ̀kun sì ń jẹ wọ́n. Nígbà tó jẹ ìkọkànlá, ó ránṣẹ́ sí ilé ìdáná pé àwọn ará Mẹ́síkò ń gbìyànjú.

Morónkẹ́ ló wá rántí ewé. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ ní Sabon Gari máa ń ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí rélùwéè ń kó wá láti ìhà gúúsù. Ó ra díẹ̀, ó fi ìṣù àgbàdo sáàárín ewé méjì, ó fi àwo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣí ewé náà, tọ̀tíyà jáde ní odidi, ó rí róbótó, ó sì fẹ́lẹ́. Iṣan ewé ti tẹ̀ sára rẹ̀ láti etí dé etí. Bí wọ́n ti yan án, ó ṣe àwọ̀ ilẹ̀, bí ewé tí oòrùn ti pa. Fọláwùmí ní ó lẹ́wà ju ti Mísì lọ.

Títẹ̀ rẹ̀ ti yanjú. Dídì rẹ̀ ló kù. Fọláwùmí ní ṣe ni wọ́n máa ń ká a lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀wà máa yọjú. Morónkẹ́ kọ̀.

"Kí ohun tó wà nínú rẹ̀ máa yọjú? Kí Alhaji jókòó sí ọ̀ọ́kán kí ó ti máa wo ohun tí kò sí níbẹ̀? Dì í pa. Ṣẹ́ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó jókòó dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dì í, oníigun mẹ́rin, bí ìgbà tí èèyàn di ọ̀ọ̀lẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó síwájú ju ibẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ṣe. Ẹ̀wà tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata rodo ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wọ́n wàrà sí i. Wọ́n bu ata díndín sínú àwo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti àárọ̀, Ìyá Bàlíkísù ti wá yá iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ mú nǹkan tí ó máa fi gba iyọ̀ dání.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́. Òórùn yìí ń ta sánsán dé ọ̀dọ̀ wa."

"Àgbàdo ni, Ìyá Bàlíkísù."

"Àgbàdo fún àna."

"Àgbàdo fún àna."

"Tò. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀?"

Morónkẹ́ ṣí gbogbo ìkòkò fún un. Ìyá Bàlíkísù wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìkòkò omi. Ó fi ìka kan ẹ̀wà, ó lá a. Ó dágbére, ó lọ sílé, ṣùgbọ́n kò wọlé. Gèlè rẹ̀ ń hàn lókè ọgbà.

Àwọn àna dé lẹ́yìn ìrun àsárì, Alhaji Wahab níwájú nínú agbádá funfun, Kàbírù lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igbá obì. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ara àwọn tó wà ní Ìlọrin àti àwọn tó ti kúrò níbẹ̀. Alhaji bọ́ agbádá rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù méjèèjì sókè. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ó ti gbààyè sílẹ̀ láti àárọ̀. Fọláwùmí gbé oúnjẹ sáàárín wọn nínú àwo tánganran ńlá, ó bu omi ìfọwọ́, ó kúnlẹ̀, ó jáde. Ọlánípẹ̀kun náà jáde, nítorí pé nínú ìdílé rẹ̀, onílé kì í dúró wo ẹnu àna nígbà tó bá ń jẹun.

Wọ́n jókòó sí ilé ìdáná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ tí Alhaji ń ṣe hùn-ún, hùn-ún, bí ẹni tí nǹkan ń bá lára mu.

Ọlánípẹ̀kun ní, "Ó ń jẹ ẹ́."

Morónkẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán."

Kò pẹ́ tí Alhaji fi pè pé kí wọ́n wá palẹ̀ mọ́. Fọláwùmí lọ, ó gbé àwo náà bọ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ẹ̀wà ti tán pátápátá. Tọ̀tíyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún wà níbẹ̀, wọ́n tú wọn délẹ̀, wọ́n fi ìka gbá inú wọn mọ́ fínnífínní, wọ́n tò wọ́n léra wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwo bí èèyàn ọmọlúàbí ṣe máa ń to ewé ẹ̀kọ jọ nígbà tó bá jẹun tán.

Ọlánípẹ̀kun na ọrùn wo inú àwo.

Morónkẹ́ ní, "Wọ́n tú u."

Fọláwùmí ní, "Iṣan ewé ló wà lára rẹ̀, Màmá. Bí ọ̀ọ̀lẹ̀ la sì ṣe dì í."

Kàbírù jáde sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́. Fọláwùmí lọ bá a nídìí àmù.

"Kàbírù, mo fún ẹ ní ọ̀kan jẹ lánàá. O mọ̀ pé oúnjẹ ni."

"Mo mọ̀."

"O wá jókòó, ò ń tú u."

"Alhaji ló kọ́kọ́ tú tiwọn. Wọ́n ní ewé Zaria yìí mà nípọn. Kí ni kí n ṣe, Fọláwùmí? Kí n máa jẹ ewé níwájú bàbá mi?"

Ẹni tó ń bá àgbà jẹun nínú àwo kan, bí àgbà bá ti ṣe ni yóò ṣe. Kí ọmọ sì wí fún àgbà pé kò mọ oúnjẹ jẹ, níwájú àna, ó sàn kí ebi pa á.

Ohùn Alhaji jáde láti pálọ̀. "Kàbírù, bá mi sọ fún wọn pé ìpanu yẹn dùn. Kí wọ́n má kánjú o. À ń dúró."

Ọlánípẹ̀kun dìde. Ó ti mú owó lọ́wọ́. "Mo ń lọ sí oríta. Ẹlẹ́ran súyà ti dáná. Kí Alhaji rí nǹkan fi sẹ́nu kó tó mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀."

Morónkẹ́ wo ọgbà. Gèlè Ìyá Bàlíkísù ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbé orí lé ọgbà. Lẹ́yìn náà ó wo àwo. Ó wo àgbàdo tí wọ́n sè ní Jímọ́ọ̀, tí wọ́n fọ̀ ní omi mẹ́fà, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n yan, tó wá tò jọ bí ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ààtàn.

Ó ní, "Bàbá Fọlá, ẹ jókòó." Ó gbé àwo náà, ó wọ pálọ̀.

Alhaji tún ara ṣe lórí àga, ó na ọrùn láti wo ohun tó ń bọ̀. Nígbà tó rí i pé ewé rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá, ojú rẹ̀ yí. Morónkẹ́ kúnlẹ̀, ó wá jókòó sórí ẹní, ó gbé àwo sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Alhaji, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ inú, ẹ sì rántí fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún onílé. Ẹni tó máa di ẹbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n wá jẹ tèmi lọ́dọ̀ yín."

Ó ya tọ̀tíyà kan sí méjì, ó fi tọ ata, ó jẹ ẹ́. Alhaji ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó wọ inú iyàrá. Ó rọra yíjú sí Kàbírù tó ti padà wọlé, ó fi Hausa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí onílé má ba à gbọ́.

"Me take ci?"

Ohun tí obìnrin náà ń jẹ ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí Morónkẹ́ sí, Hausa rẹ̀ sì mọ́ ju ti Alhaji lọ.

Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Masara ce, Alhaji. Àgbàdo ni."

Alhaji wo àwo. Ó wo Kàbírù. Kàbírù ń wo àjà.

"Mo mọ̀ pé àgbàdo ni," ni Alhaji wí nígbà tó yá. "Ní Ìlọrin, àlejò tó bá gbẹ̀kọ́ kì í jẹ oúnjẹ tán lójú onílé."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀."

"Ẹ wá fún mi ní ọ̀kan, kí ẹ má ba à dá jẹun."

Ó jẹ ọ̀kan. Ó mú òmíràn fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹ́ láìsí ata, kó lè gbọ́ adùn rẹ̀ dáadáa. Kàbírù na ọwọ́, kò sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tí Alhaji jẹ ìkeje, ó nu ọwọ́, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Oúnjẹ yìí dára. Ìyá ìyàwó, ibo ni ẹran rẹ̀ máa ń wà?"

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Fọláwùmí di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Èsì tí wọ́n ti jọ ṣètò wà: kí wọ́n ní oúnjẹ irú rẹ̀ kì í ní ẹran, pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Mẹ́síkò nìyẹn. Alhaji kò ní lè sọ pé irọ́ ni.

Morónkẹ́ ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ó tún ya á.

Ó ní, "Kò sí, Alhaji. Kì í ṣe pé oúnjẹ náà kì í ní ẹran. Èmi ni mo ṣòfin." Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí egungun dé orí adìẹ, dé orí ẹyin.

Alhaji gbọ́ ọ dé òpin. "Ẹ ò lè rú u fún àna?"

"Bí mo bá rú u, gbọ̀ngàn ni mo máa gbá. Gbígbá rẹ̀ kò lè pa mí. Ṣùgbọ́n ogójì obìnrin ló ti ń fi ẹ̀wà bọ́ ọmọ láti ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mi ò ní ojú tí mo máa fi wò wọ́n."

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo ṣe ní Ìlọrin."

"Mo ti gbọ́."

"Wọ́n ń sọ pé nítorí ọrùn adìẹ ni." Alhaji mi orí. "Kì í ṣe ọrùn ló bí mi nínú. Nígbà tí mo lọ ṣe àlùwàlá ni mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì rí itan méjèèjì nínú ìkòkò, tí wọ́n fi ewé bò. Ẹni tó fi itan pamọ́ fún mi lónìí, kí ni kò ní fi pamọ́ fún mi lọ́la? Ẹ má bínú, ìyá ìyàwó. Mo fẹ́ rí ìkòkò yín."

Ó dìde. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ó gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kọjá, ó bá Fọláwùmí àti Ọlánípẹ̀kun níbi tí wọ́n ti ń yọ́ gbọ́rọ̀, ó kí wọn, wọ́n kí i. Ó wọ ilé ìdáná, ó ń ṣí ìkòkò. Ó wo ti ẹ̀wà, ó wo ti ata, ó wo inú agbada. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti orí ọgbà. "Alhaji, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta lónìí."

Alhaji gbójú sókè wo gèlè náà. "Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mò ń gbá gbọ̀ngàn. Ẹ̀yìn yín ni mo wà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan wà níbẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan."

"O wo ìkòkò omi?"

"Mo wò ó."

Alhaji dá ọmọrí padà sórí ìkòkò. Ó dúró sáàárín ilé ìdáná náà, ó ronú, gbogbo wọn sì ń wò ó. Kàbírù ti mú igbá obì dání láìmọ̀ pé òun mú un.

Alhaji bi í pé, "Kàbírù, ọmọ yìí náà ń ṣòfin?"

"Ó ń ṣe é, Bàbá."

"O mọ̀, o sì ń fẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀ràn rẹ nìyẹn. Gbé obì náà fún wọn." Ó yíjú sí Morónkẹ́. "Mo gbà. Ẹ fún wa ní ọmọ yín. Ìgbà wo ni òfin yìí ń kásẹ̀ nílẹ̀?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, Alhaji, bí àwọn alápatà bá gbọ́. Bí wọn kò bá gbọ́, a ó fi mẹ́ta mìíràn kún un."

"Mẹ́ta mìíràn." Alhaji ṣírò rẹ̀ lórí ìka. "Tí wọn kò bá tún gbọ́ ńkọ́?"

"A ó tún fi mẹ́ta kún un."

"Kí a wá fi ẹ̀wà ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi, kí gbogbo Ìlọrin wọ rélùwéè wá wò ó." Ó kọjú sí pálọ̀ láti lọ mú agbádá rẹ̀. "Ta ni olórí àwọn alápatà wọ̀nyí? Mo ti ń ta bàtà fún bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ní kùtù ọ̀la ni mo máa lọ kí i."

Ó lọ lóòótọ́. Ohun tó bá wọn sọ, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì rí i tó ń na ọ̀pá sí egungun lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó di ọjọ́rú, ẹni tó bá fẹ́ ẹran ń rí ẹran rà lọ́tọ̀, wọ́n sì kó egungun sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ẹni tó bá ní ajá. Inú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ dùn, wọ́n gbé agbọ̀n, wọ́n fẹ́ kọrí sí ọjà. Morónkẹ́ dá wọn padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé, ọjọ́ mẹ́rin sì kù. Ọlánípẹ̀kun fi ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jẹ tọ̀tíyà.